Iyọ̀ Lórí Yìnyín

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Dókítà Àràmídé tún dé lónìí. Ọkọ̀ ojú omi Dáfídì ni wọ́n wọ̀ láti Igbókòdá, òjò sì pa wọ́n débi pé ṣe ni bàtà wọn ń pọ omi. Wọ́n bọ́ bàtà sọ́wọ́ kí wọ́n tó gun afárá pákó. Màámi wò wọ́n títí, wọ́n ní, "Ẹni tó ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin yìí, òun ló fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ọpọlọ èèyàn?" Mo bẹ Màámi kí wọ́n rọra sọ ọ́ kí Dókítà má gbọ́. Dókítà ti gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní kí Bàámi máa fi àtàǹpàkò kan ìka ìfábẹ̀là, kíá kíá. Ọwọ́ ọ̀tún ṣe é díẹ̀, ó ń kéré sí i, ó ń kéré sí i, ó dúró. Ojú Bàámi ò yí padà. Ojú wọn kì í yí padà mọ́, bí inú wọn dùn, bí inú wọn bàjẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ nǹkan, ohùn wọn sì ti rẹlẹ̀ débi pé èmi ni mo tún un sọ fún Dókítà: "Ọwọ́ mi ń jó, ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ orin."

Dókítà bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí n kò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí: ìgbà wo ni imú wọn ò gbọ́ òórùn mọ́? Bàámi ronú. Wọ́n ní ó ti pẹ́ gan-an kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jókòó ti ẹja tó ti rà, wọ́n ń pa àwọ̀n tó ya, Màámi ló wọlé tó figbe ta. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, imú ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Mo bi wọ́n ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí Bàámi gan-an. Wọ́n jókòó lórí àpótí ẹja, wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ní àyè. Wọ́n ní ara kún fún àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì tó ń fún un lágbára. Ẹ́ńjìnnì a máa gbó. Bó bá gbó, àwọn agbálẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n sàmì sí i lára kí wọ́n kó o dànù. Nínú àìsàn yìí, àwọn agbálẹ̀ ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Òkú ẹ́ńjìnnì á jókòó síbẹ̀, á máa ba yàrá jẹ́. Àwọn èròjà mìíràn tó yẹ kó ká dáadáa á wá máa lọ́ mọ́ra wọn bí àwọ̀n tó ta kókó. Àwọn yàrá tó ń ṣe ohun tí ara fi ń rìn ló ń tètè kú.

Mo mọ òkú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ Bàbá Pọ́ọ̀lù tí wọn ò yọ títí di òní, tó ń jo epo sílẹ̀ ọkọ̀. Ẹja tí ẹ bá kó sínú ọkọ̀ yẹn, òórùn bẹntiróòlù ni yóò máa rùn.

Mo ní, "Kí ló dé tí àwọn agbálẹ̀ ò ṣiṣẹ́?"

Dókítà ní, "Ohun tí mò ń wá kiri nínú òjò nìyẹn, Hánà."

Bàbá tó bí Bàámi gbọ̀n títí wọ́n fi kú. Àǹtí Ọmọ́yẹlé, ẹ̀gbọ́n Bàámi ní Mahintẹ́dó, gbọ̀n títí wọ́n fi kú. Bàámi nìkan ló kù lára àwọn tó gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí Dókítà fi ń fi ìlú wa, Síónì Pẹpẹ, ṣe ọ̀nà oko.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹfà

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Bàámi. Kó tó dìgbà náà, Dókítà ka ìwé ìfọwọ́sí, èmi ń sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yìí kò ní wo Bàámi sàn o, àwọn kàn fẹ́ wo bí àwọn agbálẹ̀ inú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Ṣé wọ́n gbà?  Èsì máa ń pẹ́ lẹ́nu Bàámi báyìí, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé wọn ò gbọ́. Wọ́n wá ní, "Ẹ gbé e lọ. Ẹ bá mi bi í, kí ni mo fi ṣe é?"

Bùrọ̀dá Tóbi, ẹ̀gbọ́n mi, náà wá láti Àwòyè, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé tán, wọn ò jáde tán. Dókítà ní bó bá wu àwọn ọmọ, àwọn lè gba tiwọn pẹ̀lú. Bùrọ̀dá Tóbi ní, "Ẹja tó ṣì wà nínú omi kì í bi apẹja pé ìgbà wo lẹ máa sè mí." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín fi máa tán, wọ́n ti lọ.

Ìjì dé nírọ̀lẹ́. Dáfídì ní òun ò ní fi ọkọ̀ òun ṣeré lójú omi yìí, ẹni tó bá fẹ́ kú kó lọ háyà ọkọ̀ ẹlòmíì. Ni Dókítà bá lọ sùn nílé àlejò ìjọ, wọ́n sì gbé kúlà kékeré tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ fún Màámi, torí kò síná nílùú, ilé ẹja wa nìkan ni nǹkan ti ń tutù.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gbóná o."

"Ọmọ mi, iṣẹ́ mi nìyẹn."

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹfà

Omi ti rọ̀. Wọ́n lọ. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti yí ẹ̀yìn igi ẹ̀gbà etí omi, Màámi sọ fún mi pé òun tọ́jú ẹ̀jẹ̀ Bàámi bí òun ṣe ń tọ́jú ẹja kúta tó ń lọ sí ọjà Ọ̀rẹ̀: òun fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́, òun bu iyọ̀ lé e, òun fi àpò dì í. Iyọ̀ ló ń mú yìnyín bínú. Ẹja tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbagidi ló máa ń dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Inú Màámi dùn. Inú tèmi náà dùn.

Ọjọ́ Ìsinmi, 9 oṣù kẹfà

Lẹ́yìn ìsìn mo lọ dúró ní orí èbúté níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wá. Dókítà pè. Ẹ̀jẹ̀ náà ti dì.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omi wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Bó bá dì, á di abẹ́rẹ́, á gún ògiri yàrá ya. Wọ́n ní àwọn ṣì lè ka ohun tí a kọ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ò lè rí i kó ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn agbálẹ̀ ti kú pẹ̀lú ilé tí wọ́n ń gbá.

"Àṣìṣe mi ni, Hánà. Mo ní kó má gbóná, n kò ní kó má dì. N kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè mú nǹkan dì níbi tí kò síná."

Nígbà tí mo délé, Màámi bi mí, "Ṣé ó dé?" Mo ní ó dé. Irọ́ kọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹfà

Dáfídì ló tú u. Kò mọ̀ pé Màámi ò tíì gbọ́. Ó kàn ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó ń pariwo, "Ìyá Tóbi! Wọ́n ní ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ọkọ yín ṣe ẹja dídì! Ẹ kò ṣá ní kó o sórí àtẹ?"

Màámi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ojú mi, ẹ̀rín sì kúrò lójú wọn. Wọ́n wọlé. Mo bá wọn lórí ìkòkò iyọ̀, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó rí ejò nínú agbada.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹfà

Màámi ò bu iyọ̀ sí yìnyín mọ́. Àwọn oníbàárà Ọ̀rẹ̀ ránṣẹ́ pé ẹja ń dé ní rírọ̀. Màámi ní, "Ẹ jẹ́ kó rọ̀." 

Yìnyín tún ti gbówó lórí. Wọ́n ní bẹntiróòlù ni.

Ọjọ́ Ìsinmi, 23 oṣù kẹfà

Oògùn Bàámi kò bá ẹja rẹ́. Bí wọ́n bá jẹ ẹja sún mọ́ ọn, kò ní ṣiṣẹ́. Nílé yìí! Ohun tí kì í ṣe ẹja nílé yìí kò ju omi lọ, omi náà sì ń rùn ẹja. Mo ń fún wọn ní pupuru ẹ̀gẹ́ àti ọbẹ̀ lásán láàárọ̀. Wọ́n wo abọ́, wọ́n ní, "Kí ni mo ṣe yín?"

Bí oògùn bá mú wọn, wọ́n lè gbé ife dé ẹnu fúnra wọn. Kì í pẹ́ kó tó lọ. Lónìí wọ́n ní kí n mú abẹ́rẹ́ àwọ̀n wá. Wọ́n fa òwú kọjá ojú àwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọwọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tó dára ni. N kò ní tú u.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù keje

Bùrọ̀dá Tóbi gbé apẹ̀rẹ̀ ọ̀bọ̀kún wá láti Àwòyè. Wọn ò tíì sọ ọ́ kalẹ̀ tí Màámi fi bo imú.

"Tóbi! Ìgbà wo ni èyí ti kú?"

"Ẹja àná ni, Màámi."

"Àná ọdún wo? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá fi mí sẹ́wọ̀n ní Igbókòdá ni?"

A rẹ́rìn-ín. Bùrọ̀dá Tóbi mú ọ̀kan, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n fa èémí jinlẹ̀. Wọ́n ní, "N kò gbọ́ nǹkan kan o. Ọ̀fìnkìn yìí ti dí mi nímú."

Òórùn ẹja yẹn ti dé ilé kẹta. Mo wo ọ̀dọ̀ Bàámi. Ojú wọn ò lè sọ nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa ẹnu dé mọ́ oúnjẹ tí mo ń fún wọn, wọn ò sì ṣí i mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù keje

Bùrọ̀dá Tóbi ò ní ọ̀fìnkìn.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù keje

Bùrọ̀dá Tóbi ń padà sí Àwòyè lónìí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n lórí afárá títí dé èbúté. Ọwọ́ ọ̀tún ń jù síwájú, ó ń jù sẹ́yìn. Ọwọ́ òsì so rọ̀ mọ́ ìhà, kò lọ síbì kankan. Báyẹn ni Bàámi ṣe ń rìn nígbà tí mo wà ní pírámárì. A rò pé ó ń rẹ̀ wọ́n ni.

Bùrọ̀dá Tóbi ní ìyàwó, wọ́n ní ọmọ méjì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àwọ̀n tuntun. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ibí yìí nìkan ni mo sọ ọ́ sí, ó sì ti dùn mí pé mo kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù keje

Dókítà pè. Wọ́n ti ka ohun tí a kọ sínú ẹ̀jẹ̀ Bàámi. Wọ́n ní nínú ìlànà tí ara ń tẹ̀ lé láti fi ṣe àwọn agbálẹ̀ yẹn, ibì kan ṣoṣo ti yí padà. Kò sírú rẹ̀ nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti kà rí.

Mo ní, "Ṣé òun ló ń pa wọ́n?"

"A ò mọ̀. Ó lè jẹ́ òun. Ó sì lè jẹ́ ohun tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, bí àmì ara. Ẹ̀jẹ̀ tó bá wà láàyè nìkan ló lè sọ fún wa."

"Bó bá jẹ́ òun, ṣé ó máa ń wọ ara ọmọ?"

 Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Bí ẹni ju owó ẹyọ sókè, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó lè balẹ̀ síhìn-ín, ó lè balẹ̀ sọ́hùn-ún."

Owó tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí náà kò tíì jáde, ó di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó lè wá. Ṣùgbọ́n bí a bá lè gbé Bàámi dé Igbókòdá, wọ́n á fi mọ́tò ara wọn wá pàdé wa ní èbúté. Mo wo Bàámi nígbà tí mo délé. Oṣù kẹsàn-án jìn.

Ọjọ́rú, 31 oṣù keje

A gbé wọn lọ. N ó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Bàbá Pọ́ọ̀lù, alàgbà ìjọ, gba epo fún ọkọ̀, wọ́n sì kó àwọn ọkùnrin wá. Wọ́n gbé Bàámi pẹ̀lú àga oníke sínú ọkọ̀ Dáfídì, wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ àga mọ́ pákó. Bàbá Pọ́ọ̀lù gbàdúrà, kò gùn, torí Dáfídì ń wo ojú ọ̀run. Màámi gbá Bàámi mú láti ẹ̀yìn. Bàámi ní, "Moríkẹ́, ìwọ ni mo fi ṣe afárá." N kò gbọ́ kí wọ́n pe orúkọ Màámi rí.

Nígbà tí a jáde sójú agbami, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọkọ̀. Gbígbá kọ̀ọ̀kan, ara Bàámi ń le sí i. Ọrùn wọn le, àgbọ̀n wọn le. Itọ́ kún ẹnu wọn, kò ríbi lọ. Wọ́n wú ikọ́ kan, èkejì ò jáde. Ètè wọn ń dúdú lọ. Mo fi ìka ro itọ́ jáde, mo dorí wọn sílẹ̀ bí Dókítà ṣe kọ́ mi, èémí wá díẹ̀.

Màámi kígbe pé, "Dáfídì, yí i padà!"

Bàámi ní, "Ẹ máa lọ." Èmi nìkan ló gbọ́ ọ, torí etí mi wà lẹ́nu wọn. Dáfídì ti ń yí ọkọ̀ padà. A kò tíì dé Mahintẹ́dó.

N kò sọ fún àwọn yòókù pé Bàámi ní kí a máa lọ. Dókítà dúró ní èbúté Igbókòdá títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kẹjọ

Bàámi ò lè gbé oògùn mì mọ́. Mo ń lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù kẹjọ

Òkun ya wọ ìhà ìsàlẹ̀ ìlú. Ó kó ilé mélòó kan, ó kó ahéré tí Bàámi ti máa ń pa àwọ̀n. Abẹ́rẹ́ àwọ̀n wọn wà níbẹ̀. Àwọ̀n tí wọ́n fa òwú sí lẹ́ẹ̀mẹrin wà nínú ilé, mo ti gbé e kúrò. Màámi ní, "Òkun náà ò lè dúró de oṣù kẹsàn-án."

Ọjọ́rú, 14 oṣù kẹjọ

Ẹ̀kọ gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Láti àná ni ibà ti wà lára Bàámi, àyà wọn ń dún bí omi lábẹ́ ilé. Nọ́ọ̀sì ìlú gún wọn lábẹ́rẹ́. Ó ní ilé ìwòsàn Àkúrẹ́ ló yẹ kí wọ́n wà.  Ta ló máa gbé wọn la omi yìí kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i?

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù kẹjọ

Bàámi kú láàárọ̀ yìí.

Ọwọ́ wọn dúró. Ó máa ń dúró bí wọ́n bá sùn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi tètè mọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, 25 oṣù kẹjọ

A ti sin wọ́n sórí ilẹ̀ gíga, níbi tí omi ò tíì dé. Ìjọ kọrin. Bùrọ̀dá Tóbi wà lára àwọn tó gbé pósí. Mo rí i pé wọ́n lọ sí ìhà kejì kí ọwọ́ ọ̀tún lè gbé e.

Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn lọ, Màámi jókòó sórí àpótí ẹja. Wọ́n ní, "Ohun kan ṣoṣo ni bàbá rẹ sọ pé kí wọ́n bá òun béèrè. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́."

Mo ní Dókítà ti sọ pé àṣìṣe tiwọn ni.

"Dókítà ò fọ́ yìnyín."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹsàn-án

Owó wọn ti jáde. Dókítà ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ kejìdínlógún, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a kò bá fẹ́ rí wọn, ká sọ, àwọn ò ní bínú. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Tèmi ni kí wọ́n gbà.

Wọ́n ní, "Hánà, a lè rí ohun tó o máa fẹ́ kí a má rí. Ṣé o fẹ́ mọ̀?"

N kò tíì dáhùn.

Mo bi wọ́n ní ohun mìíràn: bí wọ́n bá mọ ìdí tí àwọn agbálẹ̀ ò fi ṣiṣẹ́, ọdún mélòó ni yóò gbà kí oògùn tó dé? Wọ́n ní, "N kò lè purọ́ fún ọ."

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kẹsàn-án

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àwòyè. Bùrọ̀dá Tóbi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn, ọmọ wọn kékeré ló ń bá wọn de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Wọ́n ń fi ṣeré pé ọmọ ni ìránṣẹ́ ọba. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Dókítà ń bọ̀ lọ́jọ́rú."

"Bàámi ti lọ. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ gbà?"

"Tiwa."

Wọ́n wo òkun. Níbi tí ilé ìwé wà tẹ́lẹ̀, omi ló wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ní, "Fún wọn ní tìrẹ. Ìwọ lo kàwé."

Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ti kó o dé ẹnu. Ọmọ náà wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi ní orúnkún, mo gbé e mì padà.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹsàn-án

Mo ti jókòó sórí àga, mo ti ká apá ẹ̀wù sókè, Dókítà ti so rọ́bà mọ́ mi lápá. Ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn. Bùrọ̀dá Tóbi ni. Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Dìde, kékeré. Àgbà ló ń kọ́kọ́ bu omi."

Dókítà tú rọ́bà. "Ọwọ́ wo ni kí a gbà á, sà?"

"Òsì. Òun ló ń ṣọ̀lẹ, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lónìí."

Dókítà ò gún wọn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Láti ìgbà wo?"

"Kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Imú mi ti lọ ṣáájú ìyẹn. Mo gbọ́ ìbéèrè tí ẹ bi Bàámi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yìn ilé ni mo dúró sí, ẹ ò mọ̀ pé mo wá." Wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi. "Ẹ bi Hánà. Gbogbo ìgbà tí mo bá gun afárá, ojú rẹ̀ máa ń gún mi lẹ́yìn bí egungun ẹja. Ó mọ̀. Ó sì dákẹ́ fún mi."

Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹja. N kò mọ ìgbà tí wọ́n débẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa ké. Wọ́n wo Bùrọ̀dá Tóbi látòkè dé ilẹ̀, wọ́n tún wò wọ́n látilẹ̀ dókè, bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lé òun lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí Dókítà.

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí a gbé e? Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ sọ gbogbo rẹ̀."

Dókítà ní kó má gbóná, kó má tutù. Bí inú ilé tí fèrèsé rẹ̀ ṣí, tí oòrùn ò kàn.

Wọ́n gba ti Bùrọ̀dá Tóbi. Wọ́n gba tèmi. Nígbà tí wọ́n fi òwú bo ojú abẹ́rẹ́, mo dáhùn ìbéèrè tí Dókítà bi mí lọ́jọ́ kẹwàá: n kò fẹ́ mọ̀. Kì í ṣe lọ́dún yìí. Ẹnì kan tí a mọ̀ pé ó ní in nílé kan ti tó.

Màámi ò jẹ́ kí ẹlòmíì gbé kúlà. Ẹja ti wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Igbókòdá, Màámi ní kí Dáfídì kó o sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú yìnyín rẹ̀. Dáfídì ní, "Ìyá Tóbi, ẹja olówó ni o!" Wọ́n ní, "Sọ ọ́ kalẹ̀." Màámi wọ ọkọ̀, wọ́n gbé kúlà lé itan, wọ́n fi ìborùn bò ó lójú oòrùn. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, mo rí wọn tí wọ́n ń ṣí ìborùn, tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lára, tí wọ́n tún ń bò ó, bí a ṣe ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù kẹsàn-án

Dókítà pè nígbà tí mo wà ní èbúté. Wọ́n ń pariwo nínú fóònù. "Hánà, wọ́n wà láàyè! Méjèèjì! A rí àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń yí!"

Mo sáré délé. Ẹja ni Màámi ń yan lórí àgbá, Bùrọ̀dá Tóbi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún pa àwọ̀n Bàámi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ̀ẹ̀mẹrin yẹn. Mo ní, "Ó dé láàyè." Màámi sọ abẹ̀bẹ̀ iná sílẹ̀. Wọ́n sáré jáde sórí afárá, wọ́n ń ké sí Bàbá Pọ́ọ̀lù, wọ́n ń ké sí gbogbo ilé, pé ó dé láàyè, ó dé láàyè. Láti oṣù kẹfà n kò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu wọn.

Èmi náà jókòó. Mo fẹ́ kí inú mi dùn. Ó dùn díẹ̀.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ òórùn. Ẹja ti ń jóná lórí àgbá, èéfín rẹ̀ dúdú, ó ń lọ tààrà sí ojú Bùrọ̀dá Tóbi. Wọ́n kàn ń ṣẹ́ ojú, wọ́n ń fa òwú kọjá, wọn ò gbé orí sókè.

Mo dìde, mo lọ yí ẹja náà.